Dock Satechi fún Mac mini M4: ó tó fún iṣẹ́ fídíò ní Abẹ́òkúta

Kámẹ́rà mẹ́ta tó ń ya 4K ní 100Mb/s máa ń jẹ nǹkan bí 135GB ní wákàtí kan. Tí ìgbéyàwó kan ní Ìbarà bá gba wákàtí méjì péré, fídíò rẹ̀ ti ju ààyè inú Mac mini M4 tó kéré jù lọ, nítorí 256GB ni gbogbo ohun tó ní. Kọ̀ǹpútà kékeré tí Apple gbé jáde ní 2024 yìí yá gan-an, kò sì gba ààyè lórí tábìlì, àmọ́ kò ní ihò USB onígun (USB-A) tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì sí ibi tí a ó ki mẹ́mọ́rì káàdì sí. Dock, ìyẹn àpótí kékeré tó ń fi ihò àti ààyè kún ti kọ̀ǹpútà, ló ń dí àlàfo náà.

Èyí tí Satechi ṣe fún un máa ń wà lábẹ́ Mac náà gan-an. Ihò USB-A tó ní jẹ́ mẹ́ta: méjì yá dé 10Gb/s, ẹ̀kẹta kò yá, kíbọ́ọ̀dù tàbí máòsì ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ihò SD, ti mẹ́mọ́rì káàdì, wà lára rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ààyè SSD (díìsìkì tó yára tí a ń kó fáìlì sí) irú NVMe wà, ṣùgbọ́n SSD ò bá a wá. Ẹ ó rà á lọ́tọ̀. Wọ́n gé ibì kan sílẹ̀ kí ìka lè dé bọ́tìnì tí a fi ń tan Mac, nítorí abẹ́ ni Apple fi í sí. Abẹ́ yẹn náà ni Mac ti ń fa atẹ́gùn, ibẹ̀ ló sì ti ń tú ooru jáde. Ẹ má ra dock olówó pọ́ọ́kú tó bo abẹ́ rẹ̀ pa, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku Abẹ́òkúta kì í ṣeré.

Àwọn dock mìíràn wà tó ń sáré 40Gb/s. Wọ́n wọ́n jù ú lọ, ọ̀pọ̀ ayàfídíò kò sì nílò wọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 10Gb/s máa ń gbé nǹkan bí 1,000MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kámẹ́rà mẹ́ta òkè yẹn, tí ẹ bá ń wò wọ́n pọ̀ lójú kan náà bí ẹ ṣe ń gé fídíò, kò gbà ju 38MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí Mb mẹ́jọ ló ń jẹ́ MB kan. Kíkó fáìlì láti inú káàdì ńkọ́? Káàdì UHS-I, irú SD tó wọ́pọ̀, kì í sábà ju 90MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 128GB yóò gba bí ìṣẹ́jú 24, ì báà jẹ́ dock 40Gb/s lẹ gbé síbẹ̀. Ẹni tó ń ya RAW, ìyẹn fídíò ńlá tí kámẹ́rà kò fún pọ̀ tó, tàbí tó fẹ́ gbé macOS fúnra rẹ̀ sórí SSD ìta, ni 40Gb/s yẹ. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ USB 3.2 Gen 2x2, 20Gb/s, sí lára: Mac mini yìí kì í lò ó, 10Gb/s náà ló máa bọ́ sí.

Owó tó bá ṣẹ́kù, SSD gidi ni kí ẹ fi rà. Kí wọ́n kọ NVMe sí i lára, M.2 SATA jọ ọ́ bí ìbejì, àmọ́ Mac kò ní rí i nínú dock yìí. Ìwọ̀n 2280 ló wọ́pọ̀, ìyẹn mílímítà 22 ní ìbú, 80 ní gígùn. Ẹ béèrè TLC, kì í ṣe QLC; oríṣi mẹ́mọ́rì inú SSD ni méjèèjì. QLC máa ń yá ní ìbẹ̀rẹ̀ torí apá kan lára rẹ̀ ló ń tètè gba fáìlì. Tí apá yẹn bá kún, eré rẹ̀ lè já wálẹ̀ sí ti háàdì díìsìkì àtijọ́. Áàpù Blackmagic Disk Speed Test tí a fi ń wọn eré díìsìkì kò ní fi èyí hàn yín, fáìlì kékeré ló fi ń dán an wò. Ẹ kó 100GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wò ó bóyá eré yẹn á dúró.

Tí róbà pẹlẹbẹ tó ń gbé ooru bá bá dock wá, ẹ bó ọ̀rá ojú rẹ̀ méjèèjì kúrò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ SSD. Nínú Disk Utility, ẹ tẹ View, kí ẹ yan Show All Devices, ẹ mú díìsìkì náà gan-an, ẹ tẹ Erase, kí ẹ wá yan APFS (ọ̀nà tí Mac fi ń to fáìlì) àti GUID Partition Map. exFAT máa ń ṣiṣẹ́ lórí Windows pẹ̀lú, ṣùgbọ́n fáìlì inú rẹ̀ tètè ń bàjẹ́ tí iná bá lọ lójijì nígbà tí ẹ ń kó nǹkan sí i. Mac mini kò sì ní bátìrì. Ẹni tí kò tíì ní UPS, kó ra ìyẹn kó tó ra dock 40Gb/s.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí System Information, ẹ lọ sí USB, ẹ wo eré tó kọ fún SSD náà: 10 Gb/s ló yẹ. Tó bá jẹ́ 480 Mb/s lẹ rí lórí dock tí waya rẹ̀ ṣeé yọ, waya ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Waya ṣáájà fóònù ló sábà máa ń fà á. Tó bá jẹ́ Ìkẹjà lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ gbé Mac náà dání, kò tó kílò kan, kí ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí lójú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.