Oògùn àbí ẹ̀kọ́ òbí: èwo la máa kọ́kọ́ gbìyànjú fún ọmọ tó ní ADHD (ìṣòro àìlèjókòó àti àìfọkànsí)?

Ìbéèrè yìí ò tán lẹ́nu àwọn òbí: ọmọ mi ò lè jókòó, kò lè gbọ́rọ̀ dópin, ṣé ká fún un lóògùn ni àbí káwa fúnra wa lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ìwádìí MTA, tó fi oògùn wé ìtọ́jú ìwà tí ẹ̀kọ́ òbí wà nínú ẹ̀, tí èsì ẹ̀ jáde ní 1999, wo ọmọ 579 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, oṣù 14 ni wọ́n fi tọ́jú wọn.

Oògùn máa ń yá, methylphenidate ló wọ́pọ̀, òun ló sì borí nínú MTA fún àìlèjókòó àti àìfọkànsí. Àmọ́ ó lè má jẹ́ kébi pa ọmọ, ó lè dí oorun lọ́wọ́, dókítà gbọ́dọ̀ máa wọn ọmọ náà déédéé.

Ẹ̀kọ́ òbí máa ń pẹ́, ó gba sùúrù gan-an, kẹ́ ẹ máa yin ọmọ lójú ẹsẹ̀ tó bá ṣe dáadáa, kófin ilé má yí padà lójoojúmọ́. Kì í dí oúnjẹ tàbí oorun lọ́wọ́ ní tiẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé nínú MTA, àwọn ọmọ tó gba méjèèjì lo oògùn tó kéré sí tàwọn tó lo oògùn nìkan.

Tọ́mọ ò bá tíì pé ọdún 6, ẹ̀kọ́ òbí làwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà ní ká kọ́kọ́ ṣe. Tó bá ti lé ní 6, tí ìwé ẹ̀ ti ń bàjẹ́, oògùn lè tètè ràn án lọ́wọ́. Tí ìjà àti oríkunkun bá tún wà mọ́ ọn, ẹ pa méjèèjì pọ̀.