Hard drive tí kì í jẹ iná púpọ̀: ṣé ó ṣeé gbára lé nínú àpótí NAS ilé?

Ní Ìbàdàn, níbi tí iná mànàmáná ti máa ń lọ tí ó sì máa ń bọ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé sì gbára lé ínfátà, kò yani lẹ́nu pé hard drive tí kì í jẹ iná púpọ̀ máa ń tètè wọ àwọn ènìyàn lójú. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni WD Caviar Green, tí Western Digital gbé jáde ní 2007. Ilé-iṣẹ́ náà ti da Green pọ̀ mọ́ Blue, oríṣi hard drive rẹ̀ mìíràn, láti 2015, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wá a dáadáa lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ní agbègbè Queen Cinema ṣì lè rí tòkunbọ̀ rẹ̀ rà.

Ní ti iná, ó ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe. Green oní-2TB ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 6 nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, nígbà tí WD Black oní-2TB ń jẹ ju wáàtì 10 lọ. Bí mẹ́rin bá wà nínú àpótí NAS kan, ìyẹn àpótí hard drive tí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lò, tí ó ń fi bátìrì ínfátà ṣiṣẹ́ mọ́jú, ìyàtọ̀ náà yóò hàn. Kì í gbóná púpọ̀, kì í sì í pariwo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ọ̀nà tí ó ń gbà fi iná pamọ́. Bí iṣẹ́ kò bá dé bá a fún ìṣẹ́jú-àáyá 8, yóò gbé orí tí ń ka dátà kúrò lórí awo lọ sí àyè ìsinmi rẹ̀. Èyí kò pa kọ̀ǹpútà orí tábìlì lára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí NAS kì í sùn: sọ́fítíwíà rẹ̀ máa ń kọ ohun kékeré sórí awo léraléra, orí náà yóò sì máa lọ, yóò máa bọ̀. 300,000 ìgbà ni wọ́n ṣe é láti lè fara dà. Bí ó bá ń sinmi ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30 péré, ìgbà 2,880 nìyẹn lójúmọ́, oṣù mẹ́rin kò sì ní í pé tí yóò fi lo gbogbo rẹ̀ tán. Nítorí náà, bí wọ́n bá so tòkunbọ̀ kan mọ́ laptop yín nínú sọ́ọ̀bù, ẹ fi smartctl, sọ́fítíwíà tí ó ń ka ìlera hard drive, yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì wo ìlà 193, Load_Cycle_Count, iye ìgbà tí orí náà ti lọ sinmi, kí ẹ tó dúnàádúrà. Ẹni tí ó bá ti ní Green nílé lè fi WDIDLE3, tàbí idle3-tools lórí Linux, sún ìṣẹ́jú-àáyá 8 náà síwájú tàbí kí ó pa á pátápátá. Èmi kò ní í fi ọ̀kan sínú àpótí láìṣe èyí.

Ìṣòro kejì kò ní àtúnṣe tí ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Bí Green bá bá ibi tí ó ti bàjẹ́ pàdé lórí awo, ó lè máa gbìyànjú láti kà á fún àkókò gígùn, RAID, ètò tí ó so àwọn hard drive inú àpótí pọ̀ kí dátà má bàa sọnù bí ọ̀kan bá kú, yóò sì rò pé ó ti kú, yóò já a sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe fún NAS máa ń jẹ́wọ́ pé àwọn kò rí i kà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 7, kí RAID lè fi ẹ̀dà tó wà lórí àwọn yòókù dí àlàfo náà.

Èyí ni WD Red, tí ó jáde ní 2012, fi dára jù ú lọ láìjẹ́ pé ó ń jẹ iná jù. Síbẹ̀, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kẹrin 2020, ilé-iṣẹ́ náà gbà pé àwọn Red kan láti 2TB sí 6TB ń lo SMR, èyí tí ó ń kọ dátà ní ìlà tí ó gun ara wọn lórí. Irú bẹ́ẹ̀ máa ń falẹ̀ gan-an nígbà tí RAID bá ń tún ara rẹ̀ kọ́, pàápàá lórí ZFS, ètò ìtọ́jú fáìlì kan tí àwọn àpótí NAS kan ń lò. Red Plus, tí ó jẹ́ CMR, ìyẹn èyí tí ìlà rẹ̀ kì í gun ara wọn lórí, ni kí ẹ béèrè fún. Green ní tirẹ̀ dára fún ẹ̀dà tí a ń kó pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀, tí a kàn ń so mọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.