Ata lílọ̀ lójoojúmọ́ àbí ata sísè sílẹ̀?

Ẹni tó ń lọ ata lójoojúmọ́ ń jẹ ọbẹ̀ tó ń ta sánsán, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ ojoojúmọ́ náà ló ń sanwó ẹ̀rọ, tó sì ń ra tòmátì díẹ̀díẹ̀, èyí tó sábà máa ń wọ́n ju apẹ̀rẹ̀ lọ.

Ata sísè sílẹ̀ gba ọ̀sán ọjọ́ kan péré. Tí ẹ bá lọ̀ ọ́ tán, ẹ dà á sínú asẹ́ kó jò fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó gbé e kaná. Bí ẹ kò bá jẹ́ kó jò, gáàsì tí ẹ ó fi mú omi yẹn gbẹ kì í ṣe kékeré. (Omi náà dára fún ìrẹsì, ẹ má dà á nù.) Ẹ sè é títí yóò fi ki, kí ẹ fi òróró dín in díẹ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ rèé: wọ́n á dé e nígbà tó ṣì gbóná, oòru á di omi lábẹ́ ọmọrí, á kán padà sínú ata, ata á bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ṣíbí tó lómi lára náà ń fà á.

Níbi tí iná mọ̀nàmọ́ná kì í ti í dúró, tí fíríìjì kò sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, tàbí kí ẹ se ìwọ̀n tí ẹ ó lò fún ọjọ́ 3 péré. Bí ìyẹn náà bá ni yín lára, ẹ máa lọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.