Ìwé ìdámọ̀ stonefly tí mò ń lò: apá ti ìmí gbayì, apá ti ẹnu kù díẹ̀ káàtó

Bí wọ́n bá gbé omi odò wá fún wa yẹ̀ wò, ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ike bò yìí ni mo fi ń to àwọn ọmọ stonefly inú rẹ̀ (kòkòrò tó ń gbé inú omi kó tó dàgbà, kó tó hu ìyẹ́) sí ìdílé-ìdílé. Mo kọ́kọ́ yìn ín: ọtí tá a fi ń tọ́jú kòkòrò ti dà sí i lára láìmọye ìgbà, yíǹkì rẹ̀ ò parẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Stonefly ní ìrù méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní èékánná méjì. Mayfly tí wọ́n jọ ń gbé abẹ́ òkúta sábà máa ń ní ìrù mẹ́ta, èékánná rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan. Ìrù máa ń já sínú ìgò, torí náà ó dáa bí wọ́n ṣe fi èékánná tì í lẹ́yìn.

Ibi tó gbayì jù ni ẹ̀yà tí kòkòrò náà fi ń mí. Dá a dùbúlẹ̀, kó kọjú ikùn sókè. Bó o bá rí ohun tó pẹ̀ka bí òwú nídìí ẹsẹ̀ lábẹ́ àyà, tí kò sí irú ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ikùn, ìdílé Perlidae ni. Bó bá wọ oríkèé ikùn kìíní àti ìkejì, Pteronarcyidae nìyẹn. Ohun tí ìwé ò sọ ni pé inú omi ni kó o ti wò ó o. Bó bá gbẹ, gbogbo òwú yẹn á lẹ̀ mọ́ra.

Àmọ́ apá ti ẹnu! Wọ́n ní ká wo ètè ìsàlẹ̀ bóyá abala àárín kúrú ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, bíi ti Perlodidae, tàbí wọ́n dọ́gba, bíi ti Nemouridae. Àwòrán rẹ̀ ò tó èékánná ọwọ́ mi. Awò ọwọ́ alápò ò ká a lára kòkòrò kékeré, àfi awò olójú méjì orí tábìlì. Ṣé wọn ò lè kọ́kọ́ ní ká wo ìyẹ́ tó ń hù ni? Lára èyí tó ti dàgbà, ìyẹ́ ẹ̀yìn Nemouridae ya síta, ti Capniidae àti Leuctridae lọ gbọọrọ pẹ̀lú ara.

Ẹni tó bá ń wá orúkọ irú kòkòrò náà gan-an (species), tí kì í ṣe ìdílé rẹ̀ nìkan, kó má rà á. Ẹ̀yà ìbálòpọ̀ akọ tó ti dàgbà ló sábà máa ń tú ìyẹn fó. Kò sì sí ìdílé Gripopterygidae, tó wà ní Ọsirélíà, nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó wà níbẹ̀ á kàn fowó ṣòfò ni. Mo fún un ní 3 nínú 5. Bí wọ́n bá tún àwòrán ẹnu yẹn yà, ó di 4.