Zémidjan ilẹ̀ Benin: ìlú tó ti wúlò, ìlú tó ti ń dani láàmú

Ẹni tó bá gba ẹnubodè Sèmè-Kraké wọ ilẹ̀ Benin kò ní rìn jìnnà kí ọlọ́kadà tó ké sí i. Zémidjan ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, zem ní ìkékúrú. Èdè Fọ̀n ni, "gbé mi kíákíá" ló túmọ̀ sí. Kẹkẹnọ ni wọ́n ń pe awakọ̀ rẹ̀, etí Yorùbá kò sì ní ṣàì dá "kẹ̀kẹ́" inú rẹ̀ mọ̀. Láàárín ìlú, kò sí ohun ìrìnnà mìíràn tó tó o: ó yá, ó pọ̀, kò sí kọ̀rọ̀ tí kì í wọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe dára ní Kùtọnù kọ́ ló ṣe dára níbòmíràn, ẹni tó bá sì gùn ún láìmọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí yóò san ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìtàn rẹ̀ kò ṣe é yà kúrò lára ìtàn orílẹ̀-èdè náà. Dàhòmì ni wọ́n ń jẹ́ nígbà tí wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960. Ààrẹ Mathieu Kérékou ló sọ ọ́ di Benin ní ọdún 1975. Ìjọba rẹ̀ ló ń fún àwọn tó bá jáde ní yunifásítì níṣẹ́, àfi ìgbà tó di ìparí àwọn ọdún 1980 tí àpò ìjọba gbẹ, tí báńkì ìjọba dojú dé, tí òṣìṣẹ́ ń retí owó oṣù títí. Ọ̀pọ̀ wọn ló gun alùpùpù láti fi wá oúnjẹ òòjọ́. Ìyẹn ni ẹ ṣe lè bá àgbà kẹkẹnọ kan pàdé tí yóò máa to ọ̀rọ̀ ìpàdé àpérò orílẹ̀-èdè ti ọdún 1990, tó fòpin sí ìjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, lẹ́sẹẹsẹ fún yín títí ẹ ó fi sọ̀kalẹ̀.

Ẹ ná an kí ẹ tó gùn ún. Kò sí mítà. Awakọ̀ tó bá ní kí ẹ gùn ún ná, pé ẹ jọ ń sọ ọ́ níwájú, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìrìn kúkúrú nínú ìlú, ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún CFA (owó ilẹ̀ Benin) mélòó kan ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún. Owó CFA so mọ́ owó euro, 655.957 CFA sí euro kan, nítorí náà bí ìrìn kan náà bá wọ́n sí i nígbà tí ẹ fi náírà ṣírò rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ìhà náírà. Ohun tó ń gbé iye rẹ̀ sókè ní tòótọ́ ni epo. Epo tí wọ́n ń gbé láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Kpayo ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé kì í ṣe ojúlówó. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kpayo wọ́n, owó zem sì tẹ̀ lé e. Bí awakọ̀ bá dúró ra kpayo, ẹ sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí alùpùpù títí yóò fi dé ìdérí rẹ̀ padà. Ẹ̀rọ ṣì gbóná lábẹ́ yín, epo sì ń kán.

Owó wẹ́wẹ́ ni ọ̀gá. Ẹyọ 50, 100, 200, 250 àti 500 ni kó wà lápò yín. Ẹni tó bá fa 10,000 yọ láàárọ̀ yóò gbọ́ "pas de monnaie", ìyẹn ni pé kò sí ṣẹ́ńjì, òótọ́ sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka owó ní Faransé láti cent (ọgọ́rùn-ún) dé mille (ẹgbẹ̀rún) kí ẹ tó kúrò nílé. Ìdajì ìnáwó àṣìṣe tó ń bá àlejò ibẹ̀ ló ń wá láti inú nọ́ńbà tí kò yé wọn.

Ọwọ́ òsì alùpùpù ni kí ẹ ti gùn ún, ibẹ̀ náà ni kí ẹ sì ti sọ̀kalẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni sàléńsà máa ń wà, àpá rẹ̀ lára ojúgun kì í sì í tètè lọ. Ẹrù kékeré, ẹ gbé e fún awakọ̀ kó fi sáàárín ara rẹ̀ àti táńkì; àpótí ńlá, ẹ wá takisí. Nọ́ńbà wà lára ṣẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ kà á sórí kí ẹ tó gùn ún, àgàgà lálẹ́. Akoto ìbòrí ni mo ka sí àbùkù wọn tó burú jù: awakọ̀ dé tirẹ̀, èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní.

Kùtọnù ni zem ti dára jù. Àwọ̀ ìyeyè ni ṣẹ́ẹ̀tì wọn níbẹ̀, ẹ ó rí i láti òkèèrè. Ìlú náà wà láàárín òkun àti adágún Nokoué, ojú omi tí àwọn Faransé gbẹ́ ní ọdún 1885 ló sì là á sí méjì. Afárá ni ìṣòro ibẹ̀. Bí ẹ bá wà ní Akpakpa tí ẹ fẹ́ lọ sí Cadjèhoun ní òdì kejì omi nírọ̀lẹ́, nígbà tí ọjà Dantokpa ń tú, ọkọ̀ yóò tò lórí afárá, zem nìkan ni yóò sì ráyè gba àárín wọn kọjá. Ẹ má retí pé iye tó ń gbà ní ẹ̀gbẹ́ kan omi ni yóò gbà tí ẹ bá sọdá. Àdírẹ́sì orí ìwé kò wúlò fún wọn. Orúkọ ibi tí gbogbo ayé mọ̀ ni kí ẹ dá: Étoile Rouge, Dantokpa, ère Amazone, jagunjagun obìnrin Dàhòmì, tó ga tó mítà 30. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ von tí ẹ ń lọ, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn òpópónà kéékèèké tó yà kúrò lójú títì. Iyanrìn ló wà ní ọ̀pọ̀ von. Ní oṣù kẹfà, omi a gbà á, awakọ̀ a sì já yín sí ẹnu rẹ̀. Kì í ṣe ìwà àìdáa, ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Ẹni tí èéfín ń yọ lẹ́nu kó wá nǹkan bo imú. Àwọn alùpùpù oníbátìrì Spiro, tí awakọ̀ ń pààrọ̀ bátìrì wọn ní ibùdó dípò kó máa gbà á lára iná, kì í rú èéfín, ariwo wọn kò sì pọ̀. Áàpù Gozem wà fún ẹni tí kò fẹ́ nájà: fóònù ni yóò sọ iye rẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Àṣìṣe kan wà tó ń náni ní ọjọ́ kan gbáko: Abomey-Calavi kọ́ ni Abomey. Calavi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kùtọnù, ibẹ̀ ni yunifásítì wà, ibẹ̀ náà ni èèyàn ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ganvié, ìlú orí omi. Abomey gangan jìn ju 130 km lọ. Bí ẹ bá ń lọ sí Ganvié, "Calavi, embarcadère", ìyẹn èbúté Calavi, ni kí ẹ sọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Kùtọnù ni olú-ìlú nítorí pé ibẹ̀ ni ààrẹ àti àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba wà. Lábẹ́ òfin, Porto-Novo ni, tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́, bí 30 km sí ìlà-oòrùn. Níbẹ̀, ẹ fi Faransé sílẹ̀ ná, kí ẹ fi Yorùbá nájà. Ọ̀pọ̀ kẹkẹnọ yóò dá yín lóhùn. Ìlú náà kò gbòòrò bíi Kùtọnù, nítorí náà ẹ má háyà zem fún odidi ọjọ́ kan. Ẹ gùn ún dé mọ́ṣáláṣí ńlá tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Brazil, tí àwọn ọmọ ẹrú tó padà wálé láti Brazil kọ́, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ààfin Ọba Toffa. Songhai, oko ẹ̀kọ́ tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, nìkan ló jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú. Láti Kùtọnù sí Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ má gun zem, bó ti wù kí ó rọjú tó. Àwọn tírélà ló ni ọ̀nà yẹn.

Ouidah kò ní wàhálà. Bí 40 km ni sí ìwọ̀-oòrùn Kùtọnù, takisí ló ń gbéni débẹ̀. Ọ̀nà ẹrú láti àárín ìlú dé Ẹnu Ọ̀nà Àìpadà létí òkun tó bí 4 km; ẹ fi ẹsẹ̀ lọ, kí ẹ fi zem bọ̀. Àfi àwọn ọjọ́ ọdún Vodun ní oṣù kìíní, tí iye gbogbo nǹkan máa ń di ìlọ́po, tí zem kì í sì í ráyè kọjá.

Ní ti Abomey, bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí àríwá kì í sábà wọ ibẹ̀. Bohicon ni wọ́n ń gbà, nítorí ibẹ̀ ni ọjà àti ojú irin wà. Ẹ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ gun zem fún bíi 9 km tó kù. Erùpẹ̀ pupa ibẹ̀ kì í ṣeré. Aṣọ funfun kò bá a mu. Ààfin àwọn ọba Dàhòmì tí UNESCO ti kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé láti ọdún 1985 gbòòrò dé ibi tí ẹ ó ti fẹ́ kí awakọ̀ dúró dè yín. Ẹ yanjú owó ìdúródeni náà pọ̀ mọ́ owó ìrìn lẹ́ẹ̀kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjà ni yóò fi parí.

Sí Parakou, tó lé ní 400 km sí Kùtọnù, bọ́ọ̀sì àárọ̀ ló dára jù. Takisí alájọwọ̀ náà ń lọ, àmọ́ èèyàn méjì ni wọ́n ń fún mọ́ ìjókòó kan níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Ẹni tó lówó a san ti ìjókòó méjì. Parakou tàn kálẹ̀, ẹsẹ̀ kò ká a, zem ni gbogbo ìlú ń wọ̀. Ẹ tẹ́tí dáadáa tí ẹ bá ń nájà lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ Dendi tàbí Haúsá: wọ́n máa ń ka owó ní dálà, dálà kan sì jẹ́ 5 CFA. Ẹni tó bá ní dálà ogójì, 200 CFA ló ń bi yín. Ẹni tó bá fa 40 yọ yóò rò pé wọ́n fẹ́ jà á lólè nígbà tí wọ́n bá dá a padà sí i lọ́wọ́.