Mọ́tò oníná tí ẹ fẹ́ rà: èwo ló lè gbé yín láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, Ṣábẹ̀ àti Parakou?

Àwọn tó ń ta mọ́tò oníná ní Kútọnu, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, mọ ọ̀rọ̀ kan sọ gan-an: "Ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú ọgbọ̀n péré, ó ti kún." Kì í ṣe irọ́ pátápátá o, àmọ́ wọn kì í sọ irú ẹ̀rọ tó máa fún un ní iná yẹn, wọn kì í sì í sọ ibi tí ẹ̀rọ ọ̀hún wà. Mo sì ń rí i pé àwọn ará wa tó fẹ́ ra mọ́tò oníná nísìn-ín, pàápàá àwọn tí òbí wọn wà ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣáájì kíákíá yẹn ni wọ́n gbójú lé. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, kí ẹ lè fi wọ́n wéra dáadáa kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ọ̀nà tiwọn àti ọ̀nà tiwa

Ní Yúróòpù, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin 2024 tó ní kí ibi ṣáájì kíákíá wà ní gbogbo 60 km lórí àwọn títì ńlá wọn. Ní Norway, nínú mọ́tò tuntun mẹ́wàá tí wọ́n tà ní 2024, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án tó jẹ́ oníná pátápátá. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àwọn fídíò tí ẹ ń wò, tí ẹnì kan á wa mọ́tò rẹ̀ 1000 km, á dúró mu kọfí, á tún gbéra.

Tiwa ńkọ́? Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sí Kétu, tí ẹ bá gba Sakété àti Pọbẹ̀, nǹkan bíi 110 km ni. Kútọnu sí Ṣábẹ̀, tí ẹ bá gba Bohicon àti Dassa, ó tó 250 km, ẹ wá fi bíi 30 lé e fún àwa tó ń ti Àjàṣẹ́ bọ̀. Parakou lé ní 400 km láti Kútọnu. Lójú ọ̀nà yìí, ilé epo wà, kpayo inú ìgò, ìyẹn epo fàyàwọ́ tó ń ti Nàìjíríà wá, sì wà níbi tí kò ti sí ilé epo, àmọ́ kò sí ibi ṣáájì kíákíá tó tẹ̀ léra wọn tí ẹ lè máa ti ọ̀kan dé èkejì bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Faransé. Àwọn ibi tí àwọn zém oníná Spiro ti ń pààrọ̀ bátìrì, ti ọ̀kadà nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe àpẹẹrẹ fún yín, torí bátìrì mọ́tò wúwo ju ohun tí èèyàn ń fọwọ́ yọ lọ.

Torí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé: tí bátìrì bá kún lẹ́ẹ̀kan, ibo ló máa gbé mi dé, kí ló sì wà lára ògiri ibi tí mo máa sùn? Ojú ìbéèrè yìí ni mo fi wo gbogbo mọ́tò tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ìdí tí ìṣẹ́jú 30 fi máa ń di wákàtí

Iná oríṣi méjì ló ń wọ mọ́tò. Èyí tó ń ti ara ògiri wá, AC ni, ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú mọ́tò tó ń yí i padà kí bátìrì tó lè gbà á, ẹ̀rọ kékeré yẹn ló sì ń pinnu bó ṣe máa yá tó. kW ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń yára wọlé tó. Ẹ gbé mọ́tò tí tiẹ̀ jẹ́ 7 kW lọ síbi tó ń fúnni ní 22 kW, 7 náà ló máa gbà, ẹ ò lè fipá mú un. Ṣáájì kíákíá, DC nìyẹn, kò gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kékeré náà kọjá, inú bátìrì ló ń lọ tààrà. Ìyẹn náà, àárín ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ àti mọ́tò, èyí tí agbára rẹ̀ bá kéré jù lẹ máa bá lọ.

Ẹ wo Hyundai Ioniq 5. Lórí ẹ̀rọ 350 kW, ìṣẹ́jú 18 ló fi ń kúrò ní 10% dé 80%. Ẹ gbé mọ́tò kan náà síwájú ẹ̀rọ 50 kW, ó máa lé ní wákàtí kan. Mọ́tò ò yí padà, bátìrì ò yí padà, ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ ló yàtọ̀.

Ẹ sì ṣàkíyèsí 80% yẹn dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń polówó 100%, torí bátìrì dà bí àpò àgbàdo tó ti fẹ́ kún, díẹ̀díẹ̀ lèèyàn ń ki ìyókù sí i, mọ́tò fúnra rẹ̀ ló máa ń dín iná kù kí bátìrì má baà bàjẹ́. Nítorí ẹ̀, tí wọ́n bá sọ fún yín pé mọ́tò kan ń rin 400 km, tó bá jẹ́ ṣáájì kíákíá lẹ fẹ́ máa fi rìn, àárín 10% sí 80% lẹ máa lò, ìyẹn ò ju 280 km lọ láti ibi ṣáájì kan sí èkejì, àfi tí ẹ bá fẹ́ jókòó pẹ́.

Ẹnu ṣáájì: ẹ wò ó kí ẹ tó wo kìlómítà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Mọ́tò láti gbogbo ayé ló ń gba èbúté Kútọnu wọlé, wọ́n á tò wọ́n sí páàkì, wọ́n á fọ̀ wọ́n, gbogbo wọn á máa dán, àmọ́ ẹnu ṣáájì wọn ò bára mu rárá. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i, kí ẹ fojú yín rí i.

Tó bá jẹ́ ti Yúróòpù, ẹ máa rí ihò kéékèèké méje lókè, ihò ńlá méjì nísàlẹ̀ wọn. CCS2 nìyẹn. Ti Ṣáínà, ihò roboto méjì ló ní lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan fún iná ilé, ọ̀kan fún ṣáájì kíákíá, GB/T ni wọ́n ń pè é. Àwọn mọ́tò Japan bíi Nissan Leaf ní CHAdeMO, roboto ńlá kan tí ti ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, CCS1 ni tàbí ti Tesla fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń tà á máa sọ pé "adapter wà", ìyẹn ohun tó ń so ẹnu méjì tí kò bára mu pọ̀. Fún iná ilé, òótọ́ ni, adapter AC ò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ti ṣáájì kíákíá ló ṣòro, ó wọ́n, àwọn ẹ̀rọ míì ò sì ní gbà á, torí mọ́tò àti ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bára wọn sọ̀rọ̀ kí iná tó wọlé.

Èmi ní tèmi, CCS2 ni mo máa mú, kódà tí ti Ṣáínà bá dín owó. Ìdí kan ni pé wáyà tó bá mọ́tò wá láti Faransé, pírísì ilé wa náà ló máa wọ̀ tààrà.

Ó ku ká fi wọ́n wéra

Nissan Leaf àtijọ́, bátìrì 24 kWh (kWh ni wọ́n fi ń wọn bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó). Òun ló pọ̀ jù nínú àwọn tí owó wọn wálẹ̀, òun náà ló sì lè kó yín sí wàhálà jù tó bá dọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó jẹ́ tuntun ní 2011, àwọn Amẹ́ríkà wọn ìrìn rẹ̀ sí bíi 117 km. Bátìrì rẹ̀ ò ní ohun tó ń fi omi tù ú lára, ooru sì máa ń jẹ ẹ́, ẹ wá ro ti ọdún mẹ́wàá mọ́ ọn. Kò lè gbé yín dé Kétu. Fún ẹni tó ń ti Wàndó lọ síbi iṣẹ́ láàárín Àjàṣẹ́, tó ń padà sílé lójoojúmọ́, ó dára, mi ò bú u. Ti 40 kWh tó jáde lẹ́yìn náà sàn jù, ó lè dé Kétu, àmọ́ ìṣòro ooru yẹn ò kúrò: ẹ bá fún un ní ṣáájì kíákíá lẹ́ẹ̀kan, ẹ sáré lórí títì nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ tún fún un lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà, ẹ̀ẹ̀kejì yẹn máa falẹ̀ gan-an torí bátìrì ti gbóná. Kí ẹ tó rà á, ẹ wo àwọn ìlà kéékèèké méjìlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì bátìrì níwájú dírẹ́bà, tí wọn ò bá pé méjìlá mọ́, bátìrì ti ń lọ nìyẹn. App LeafSpy pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ síárìn máa sọ òótọ́ rẹ̀ fún yín.

BYD Atto 3, 60 kWh. Bátìrì LFP ló ní, irú èyí ò kọ̀ kí ẹ máa kún un dé 100% déédéé, ó sì fara da ooru. Ìwé rẹ̀ sọ 420 km. Pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù tó ń fẹ́ àti títì gbọọrọ, ẹ jẹ́ ká fi í sí 330. Ẹ máa lọ Kétu, ẹ máa bọ̀, ẹ ò ní wá iná kiri. Ẹ máa dé Ṣábẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀. Ṣáájì kíákíá rẹ̀ ò ju 88 kW lọ, àwọn kan ń fi ìyẹn bú u pé ó lọ́ra. Lójú tèmi, fún wa níbí, ẹ̀sùn yẹn ò tó nǹkan, torí kò sí ẹ̀rọ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ tó ń dúró dè yín ní Dassa.

Ioniq 5 wá yàtọ̀. Mọ́tò tó dára gan-an ni, bátìrì rẹ̀ tóbi, àmọ́ apá ńlá lára owó rẹ̀ ni ìṣẹ́jú 18 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa sanwó fún ohun tí ẹ ò ní lò títí ẹ̀rọ 350 kW á fi dé ojú ọ̀nà wa. Tí owó bá wà, ẹ rà á nítorí bátìrì ńlá rẹ̀ àti ìjókòó rẹ̀, ẹ má rà á nítorí ṣáájì.

Tesla tó forí sọ nǹkan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n wá tún ṣe: ẹ ṣọ́ra o. Tesla máa ń ti ṣáájì kíákíá pa fún mọ́tò tí wọ́n bá ti kọ̀wé pé ó ti bàjẹ́, Supercharger, ìyẹn ibi ṣáájì kíákíá ti Tesla fúnra rẹ̀, kankan ò sì sí ní Bẹ̀nẹ̀.

Mitsubishi Outlander tó ń lo epo tó tún ń gba ṣáájì, bátìrì rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ 12 kWh. Iná rẹ̀ lè gbé yín rìn bíi 40 km, ìyẹn lè mú yín láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu láì fọwọ́ kan epo. Lẹ́yìn ìyẹn, epo ló kù. Àwọn míì nínú wọn ní CHAdeMO, ẹ má tìtorí ẹ̀ fowó kún un.

Toyota Prius, háíbírìdì lásán, ìyẹn mọ́tò tó ń lo epo àti bátìrì pọ̀, àmọ́ tí kì í gba ṣáájì rárá. Ó ti wà láti 1997, àwọn mẹ́káníìkì wa sì ti ń mọ̀ ọ́n. Lítà márùn-ún tàbí díẹ̀ sí i ló ń jẹ fún 100 km. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023 tí kpayo sì gbówó lérí, ìyàtọ̀ láàárín lítà márùn-ún rẹ̀ àti mẹ́sàn-án ti mọ́tò epo lásán ti di ohun tó ń dun àpò.

Pírísì ilé bàbá yín

Ohun tí àwọn olùtajà kì í sọ rárá nìyí, òun gan-an ló sì máa gbé yín rìn. Pírísì lásán, 10 ampere, ń fúnni ní bíi 2.3 kW. Wákàtí mẹ́wàá, láti alẹ́ di ìdájí, 23 kWh nìyẹn. Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, mọ́tò bíi Atto 3 máa jẹ nǹkan bíi 18 sí 20. Ẹ rí i pé orun ọjọ́ kan ṣoṣo ti dá gbogbo ohun tí ẹ jẹ lọ́nà padà, láì sí ṣáájì kíákíá kankan. Ti Ṣábẹ̀ ló le, ẹ máa jẹ bíi 48 kWh, pírísì lásán á gba òru méjì. Tí ẹ bá ń lọ síbẹ̀ léraléra, ẹ jẹ́ kí oníná fa ìlà 32 ampere lọ́tọ̀ láti ìdí mítà, wákàtí méje á tó.

Mo wà ní Kétu nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan ki wáyà mọ́tò rẹ̀ bọ ògiri ilé bàbá rẹ̀. Àpótí kékeré àárín wáyà náà kàn ń ṣẹ́jú pupa, kò fún un níná rárá. Wọ́n ní mọ́tò ti bàjẹ́. Oníná dé, ó ní ilé yìí ò ní wáyà ilẹ̀, ìyẹn èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Ó gbá irin gígùn kan wọlẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó da omi sí ìdí rẹ̀, ó so wáyà mọ́ ọn dé pírísì, iná náà sì di àwọ̀ ewé. Bàbá fúnra rẹ̀ jáde wá wò ó, ó ní "Ẹ ṣeun o, kò ní jó ilé mi báyìí?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ fọwọ́ kan orí pírísì lẹ́yìn wákàtí kan: tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sí wàhálà, tó bá ta yín lọ́wọ́, ẹ yọ ọ́ kíá, wáyà yẹn tín-ín-rín jù. Ẹ má sì lo èyí tí wọ́n ń fi fa iná lọ sí ọgbà, tó ká bí ejò, òun ló máa ń yọ́.

Tí ẹ bá bi mí

Ẹni tó ń gbé Àjàṣẹ́ tó ń lọ Kétu lóṣooṣù, ẹ ra oníná pátápátá tí bátìrì rẹ̀ tó 60 kWh, tó ní CCS2, kí ẹ ṣe wáyà ilẹ̀ sí ilé méjèèjì kí mọ́tò tó dé. Ẹni tó ń lọ Ṣábẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, kan náà ni, ìlà 32 ampere yẹn ló kù. Ẹni tó ń ṣòwò tó ń lọ Parakou lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tó gbọ́dọ̀ padà lọ́jọ́ kejì, háíbírìdì ni kí ẹ rà báyìí, mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ àwọn tó fẹ́ kí epo tán nílé wọn, èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òkòwò yín ò gbọ́dọ̀ dúró de ẹ̀rọ tí kò tíì sí lójú ọ̀nà.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ sanwó, ẹ ní kí wọ́n ki mọ́tò náà bọ iná lójú yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ rí kW tó ń wọlé lórí rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé wáyà rẹ̀ wà nínú búùtù, torí wọ́n máa ń yọ ọ́ tà lọ́tọ̀.