Aṣọ olódòdó ayé àtijọ́ tí mo rà: ojú rẹ̀ dára, ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò

Télọ̀ ni mí ní London, aṣọ eré orí ìtàgé ni mo sì ń rán jù. Àǹtí kan tó ń darí eré ní kí n rán gáùn olódòdó, ni mo bá ra aṣọ òwú olódòdó mítà méje lórí íntánẹ́ẹ̀tì, £16 ni mítà kan. Ọdún 1780 ni ìtàn eré náà ṣẹlẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí òwú bá a mu: láti 1721 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kẹ́nikẹ́ni má wọ òwú tí wọ́n tẹ bátànì sí, ó di 1774 kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Àwọn ahunṣọ Spitalfields, àdúgbò kan ní London, wà lára àwọn tó jà fún òfin ọ̀hún; ní 1719 wọ́n ń fa aṣọ òwú ya mọ́ obìnrin lára ní ìgboro.

Ká sọ tòótọ́, bátànì rẹ̀ wù mí. Òdòdó ò kún ún fọ́fọ́ bíi ti àǹkárá. Ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ ń lọ́ gòkè, àyè funfun sì wà láàárín. Ẹni tó bá ti rí àwòrán Anna Maria Garthwaite, tó ń ya bátànì fún àwọn tó ń hun ṣẹ́dà ní Spitalfields, yóò mọ irú àyè tí mò ń wí. Èyí tó ju 800 lọ nínú wọn wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan ní London tí wọ́n ń pè ní V&A.

Àwọ̀ ni wàhálà. Ní Coromandel ní Íńdíà, níbi tí ojúlówó chintz, ìyẹn irú aṣọ òwú olódòdó ayé àtijọ́ yìí, ti ń wá, omi álọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ kí àwọ̀ di aṣọ mú ni wọ́n fi ń kọ ibi tó máa pupa kí wọ́n tó rì í sínú àwọ̀. Fún ibi aláró, wọ́n á fi ìda bo ìyókù, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú aró elú. Àwọn aládìrẹ wa ò ní bèèrè ìdí. Àwọ̀ á wọnú òwú. Tèmi yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú! Orí aṣọ lásán ni wọ́n lẹ àwọ̀ mọ́, ó sì mú kí ó gan. Mo fi àkísà tútù nù ún, pupa bá àkísà lọ. Nígbà tí mo ṣẹ́ pílíìtì ẹ̀yìn gáùn, tí mo lọ̀ ọ́, ojú ibi tó ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bó.

Àǹtí ní kò sẹ́ni tó máa rí i láti orí ìjókòó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi ń rí i.

Fún orí ìtàgé, ẹ lè rà á. Bó bá jẹ́ aṣọ tí ẹ máa fọ̀ léraléra, ẹ kọ́kọ́ ní kí àwọn tó ń tà á fi sáńpù ránṣẹ́, torí wọn kì í gba èyí tí a ti gé padà.